Ṣé Akọ Ni Ọlọ́run àbí Abo? Ohun Tí Gírámà Sọ àti Ohun Tí Ẹ̀sìn Sọ

Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi, ó sì dá mi lóhùn." Kò sẹ́ni tí yóò bi yín bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹ wá lọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ tó dé ìdajì gbólóhùn, èdè yẹn á ti fipá mú yín mú ọ̀kan nínú "he", "she" àti "it".

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń lọ́ mọ́ra wọn tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ni ara: ṣé Ọlọ́run ní ara tí a lè pè ní ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin? Èkejì ni gírámà: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é nínú èdè kan, ṣé abẹ́ akọ ló wà ni tàbí abẹ́ abo? Ẹ̀kẹta ni oyè àti àfiwé: Baba, Ọba, Olùṣọ́-àgùntàn, ìyá tó ń tu ọmọ rẹ̀ nínú. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìdáhùn wà fún, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Ẹni tó bá fi gírámà jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ ara ti ṣìnà kó tó gbéra.

Ọ̀rọ̀ ara ló rọrùn jù. Diutarónómì 4:15-16 rán àwọn ọmọ Ísírẹ́lì létí pé wọn kò rí ìrísí kankan lọ́jọ́ tí Olúwa bá wọn sọ̀rọ̀ ní Hórébù, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ère, ìbáà ṣe àwòrán akọ tàbí ti abo. Méjèèjì ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Númérì 23:19 ní Ọlọ́run kì í ṣe ènìyàn tí yóò fi purọ́. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni "ish", tí í ṣe ọkùnrin. Hósíà 11:9 tún un sọ. Maimonides, àgbà ọ̀mọ̀wé Júù tó kú ní 1204, fi í ṣe ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ mẹ́tàlá tó kọ sílẹ̀ pé Ọlọ́run kò ní ara. Ìwé Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì tó jáde ní 1992 sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀ ní ìpínrọ̀ 239: kì í ṣe ọkùnrin, kì í ṣe obìnrin, Ọlọ́run ni. Nínú Àlùkùránì, Súrà 42:11 ní kò sí ohun kankan tó dà bí Rẹ̀, Súrà 112 ní kò bímọ, a kò sì bí I, Súrà 6:101 sì béèrè pé báwo ni yóò ṣe ní ọmọ nígbà tí kò ní aya.

Ìjọ kan wà tó yàtọ̀, ó sì yẹ ká dárúkọ rẹ̀ kí ẹnì kan má baà rò pé gbogbo Kristẹni ló fẹnu kò. Àwọn tí aráyé ń pè ní Mọ́mọ́nì gbà pé Baba ní ara ẹran àti egungun, wọ́n sì gbà pé Ìyá kan wà ní ọ̀run pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ìjọ yòókù tí a mọ̀ nílẹ̀ wa kò bá wọn dé ibẹ̀.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìwé mímọ́ fi ń bá a lọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ akọ? Gírámà ló fà á. Èdè Hébérù kò ní ju ẹ̀yà méjì lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ, títí dé òkúta àti ilé, akọ ni tàbí abo, ọ̀rọ̀-ìṣe sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Ilé, "bayit", akọ ni. Ìlú, "ir", abo ni. Òkúta, "even", abo ni. Hébérù kankan kò torí èyí wá aṣọ obìnrin fún òkúta.

Ẹ wá ka ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ní ẹsẹ kìíní, ọ̀rọ̀-ìṣe "bara", ìyẹn "dá", wà ní akọ, nítorí ó bá "Elohim" rìn. "Elohim" fúnra rẹ̀ ní ìrísí ọ̀pọ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ jẹ́ ti ẹyọ. Ní ẹsẹ kejì, Ẹ̀mí Ọlọ́run ń ràbàbà lójú omi. "Ruach", ẹ̀mí, abo ni, nítorí náà "merachefet", tí a túmọ̀ sí ràbàbà, wà ní abo. Bí gírámà bá jẹ́ ẹ̀rí nípa ara, Ọlọ́run á ti di ọ̀pọ̀, á ti di akọ, á sì ti di abo kí a tó ka ẹsẹ kẹta. Àwọn tó ń fi ẹsẹ kìíní jà pé akọ ni kì í dúró dé ẹsẹ kejì. Àwọn tó sì ti rí "ruach" náà, tí wọ́n ń kéde pé àwọn ti bá obìnrin tí wọ́n fi pamọ́ nínú Bíbélì pàdé, àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe láti òdìkejì.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ yìí yẹ ká dúró tì í díẹ̀. Ní Hébérù, abo ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní Gíríìkì, ó di "pneuma", tí kì í ṣe akọ, tí kì í ṣe abo, nítorí Gíríìkì ní ẹ̀yà kẹta. Ní Látìnì, ó di "spiritus", akọ. Ẹ̀mí kan náà ni, èdè ló ń pààrọ̀ aṣọ fún un. Àwọn Kristẹni tó ń sọ Síríákì, èdè tó bá Hébérù tan, lo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ abo, ó sì wọ inú ẹ̀kọ́ wọn: Aphrahat, olùkọ́ wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí bàbá ènìyàn àti Ẹ̀mí Mímọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 400 lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gírámà akọ lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Níbẹ̀, ìgbàgbọ́ ló yí gírámà po.

Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 tẹ̀ lé Gíríìkì débi pé ní Róòmù 8:16 ó pe Ẹ̀mí ní "itself", bí ẹni ń pe nǹkan. Àwọn tó ní Ẹ̀mí Mímọ́ kì í ṣe ẹni kan, agbára lásán ni, fẹ́ràn ẹsẹ yẹn. Àwọn alátakò wọn á sáré lọ sí Jòhánù 16, wọ́n á ní níbẹ̀ Jòhánù rú òfin gírámà láti pe Ẹ̀mí ní "òun" lọ́nà akọ, "ekeinos". Kò rú òfin kankan. Ọ̀rọ̀ tí "ekeinos" ń tọ́ka sí ni "parakletos", Olùtùnú, tó wà lókè ní ẹsẹ 7, akọ sì ni ọ̀rọ̀ yẹn ní Gíríìkì. Ìgbàgbọ́ pé ẹni ni Ẹ̀mí Mímọ́ ní ẹ̀rí tó lágbára ju èyí lọ: ó ń kọ́ni, ó ń sọ̀rọ̀, a lè mú un bínú. Ká fi "ekeinos" sílẹ̀.

Àwa tí à ń ka Bíbélì Yorùbá ò sí nínú ìjà yẹn rárá. Nígbà tí Ajayi Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Róòmù ní 1850 tí odindi Bíbélì fi jáde ní 1884, "ó" ni wọ́n ní lọ́wọ́, "ó" sì kó "he", "she" àti "it" sínú àpò kan. Èrè rẹ̀ ni pé a bọ́ lọ́wọ́ ìjà akọ àti abo. Ìnáwó rẹ̀ ni pé a ò lè fi "ó" mọ̀ bóyá ẹni ni tàbí nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká la ó fi mọ̀. Èdè wa kò ka akọ àti abo sí bàbàrà: ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́, kò sí èyí tó sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì jinná fi ń sọ pé "my mother, he is at home".

Ohun tí èdè wa kà sí ni àgbà. Ọmọ tó bá wo ojú bàbá rẹ̀ tó ní "ìwọ", ọwọ́ lè bà á. "Ẹ" àti "wọ́n" là ń lò fún àgbà. Síbẹ̀, tí a bá dé iwájú Ọlọ́run, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, "Ìwọ" ni: "Ìwọ ni mo sá di, dákun gbọ́ tèmi." Kò sẹ́ni tó kà á sí àfojúdi, nítorí ẹyọ Ọ̀kan ni, a ò sì fẹ́ kó jọ ọ̀pọ̀. Lárúbáwá gba ọ̀nà mìíràn: nínú Àlùkùránì, Ọlọ́hun ń pe ara Rẹ̀ ní "Àwa" níbi púpọ̀, àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé ti ọlá ni, kì í ṣe ti iye. Ẹni tí kò bá fi "Àwa" yẹn ka Ọlọ́hun sí méjì kò gbọdọ̀ fi "Huwa", tí í ṣe "òun" lọ́nà akọ, kà á sí ọkùnrin. Ìlànà kan náà ni.

Lárúbáwá pàápàá jọ Hébérù lórí èyí. Oòrùn, "shams", abo ni. Òṣùpá, "qamar", akọ ni. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ìsìláàmù bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa bí Ọlọ́hun ṣe jẹ́ gan-an, "dhat" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, abo sì ni nínú gírámà. Àwọn tí Àlùkùránì bá wí ní Súrà 53 ni àwọn ará Mẹ́kà tó ń bọ Al-Lat, Al-Uzza àti Manat, tí wọ́n kà sí ọmọbìnrin Ọlọ́hun. Kí a má fi ìyẹn rò pé ohun tó bá jẹ mọ́ ìyá kò lè sún mọ́ orúkọ Rẹ̀. "Ar-Rahman" àti "Ar-Rahim" bá "rahim", ilé ọmọ nínú obìnrin, pín gbòǹgbò kan náà. Hádíìsì kan sọ pé Ọlọ́hun ní láti inú orúkọ Òun ni Òun ti yọ orúkọ fún "rahim" yìí. Òmíràn, tó wà nínú àkójọ hádíìsì ti Bukhari àti ti onímọ̀ tó ń jẹ́ Muslim, ní Ọlọ́hun ṣàánú ẹrú Rẹ̀ ju bí abiyamọ ṣe ṣàánú ọmọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kì í pè é ní Ìyá, kì í sì í pè é ní Baba. Méjèèjì kò sí nínú orúkọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Ó wá ku oyè àti àfiwé, tí í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an fún Kristẹni. Ìyàtọ̀ wà láàárín àfiwé tààrà, tó ní "bí" nínú, àti orúkọ tí a fi ń peni. Aísáyà 42:13 ní Olúwa yóò jáde bí akọni ológun. Ẹsẹ 14, tó tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́, ní yóò ké bí obìnrin tó ń rọbí. Aísáyà 66:13 fi ìtùnú rẹ̀ wé ti ìyá. Jésù fi ara rẹ̀ wé àgbébọ̀ adìyẹ tó fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ ní Mátíù 23:37, ó sì fi obìnrin tó tan fìtílà wá ẹyọ owó kan nínú mẹ́wàá ṣe àpèjúwe ní Lúùkù 15. Diutarónómì 32:18 tilẹ̀ kọjá "bí": ọ̀rọ̀-ìṣe Hébérù tó gbẹ̀yìn ibẹ̀ jẹ́ ti ìrọbí, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì 1611 kọ "formed", ìyẹn "mọ", ìrọbí sì pòórá.

"Baba" yàtọ̀ sí èyí. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, kò wọ́pọ̀ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run ní Baba; nínú ìwé Jòhánù nìkan, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Orúkọ tí Jésù fi ń pe Ọlọ́run ni, kì í ṣe àfiwé tí wọ́n mú jáde kí ẹsẹ lè dùn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ fi lè gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run kì í ṣe ọkùnrin, tí wọ́n á sì kọ̀ jálẹ̀ láti fi "Ìyá wa tí ń bẹ ní ọ̀run" rọ́pò. Póòpù John Paul Kìíní sọ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 1978 pé bàbá wa ni Ọlọ́run, ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá wa ni. Ariwo tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Aísáyà ló ń tẹ̀ lé, kò sì yí àdúrà kankan padà. Ti Jésù alára kò díjú: Ìjọ gbà pé ọkùnrin ni nínú ẹran ara tó gbé wọ̀. Ẹran ara yẹn ni akọ tàbí abo jẹ mọ́.

Lédè Yorùbá, ẹ wo iye oyè Ọlọ́run tó ní akọ nínú. Ẹlẹ́dàá kò ní. Olúwa kò ní. Olódùmarè kò ní. Ọba ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rò pé ó ní, nítorí "king" ni wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀. Ìtàn Ilé-Ifẹ̀ ka Lúwòó, obìnrin, mọ́ àwọn Ọọ̀ni. Ìtàn Oǹdó ní Púpùpú, obìnrin, ni Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́. Kò sí oyè mìíràn tí wọ́n wá fún wọn. Nínú gbogbo orúkọ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, "Baba" nìkan ló kù tó gbé akọ lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé kàlẹ́ńdà ara ògiri ti ṣe ju ọ̀rọ̀ lọ láti fi ọkùnrin sí wa lọ́kàn: bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun yẹn, láti inú ìran Dáníẹ́lì 7:9 nípa Ẹni-àgbà ọjọ́ ni wọ́n ti mú un, Michelangelo sì yà á sí àjà ilé ìsìn Sistine ní Róòmù láàárín 1508 sí 1512. Ìran ni Dáníẹ́lì rí. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe fọ́tò ní láti ṣàlàyé ìtẹ́ tó jẹ́ ọwọ́ iná àti àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń jó pẹ̀lú.

Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, Olódùmarè kò ní ère, kò ní aya. Àwọn òrìṣà ló ní akọ àti abo, wọn kò sì dúró lójú kan níbi gbogbo. Odùduwà jẹ́ bàbá ńlá ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Adó-Odò, òrìṣà obìnrin ni. Ní Kúbà, Santa Bárbara, ẹni mímọ́ obìnrin, ni wọ́n fi bo Ṣàngó, ọjọ́ 4 oṣù kejìlá sì ni ọdún rẹ̀. Idà àti àrá ló pa wọ́n pọ̀, kò sì sí olórìṣà ibẹ̀ tó torí aṣọ rò pé Ṣàngó ti di obìnrin. Ọbàtálá ní ọ̀nà tó jẹ́ akọ àti ọ̀nà tó jẹ́ abo lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ àwọn Fọ̀n ní orílẹ̀-èdè Benin, Máwù jẹ́ abo, òṣùpá, Lísà sì jẹ́ akọ, oòrùn, a máa ń pè wọ́n pọ̀. Máwù yìí kan náà ni àwọn míṣọ́nnárì mú fún orúkọ Ọlọ́run Bíbélì, wọ́n sì ń pè é ní Baba lónìí láìsí ìṣòro.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá wàhálà gidi sílẹ̀ ni ìsìn. Àwọn àlùfáà kan lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèrìbọmi ní orúkọ Ẹlẹ́dàá, Olùràpadà àti Olùsọnidimímọ́, kí wọ́n lè yẹra fún Baba àti Ọmọ. Ní 2008, Vatican dáhùn pé ìrìbọmi bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, ẹni tí wọ́n ṣe é fún ní láti lọ ṣe ti gidi. Ìdí wọn ni pé orúkọ mẹ́ta yẹn ń sọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run ń ṣe, kò sọ ẹni tó jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín ṣèrìbọmi ní ìjọ tuntun ní Amẹ́ríkà tàbí níbòmíràn, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ kí ọjọ́ tó pé.

Ti Ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí WhatsApp gbé kiri ní oṣù kejì 2023 pé wọ́n ti sọ Ọlọ́run di obìnrin, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kéde ni pé ìgbìmọ̀ yóò yẹ ọ̀rọ̀ akọ àti abo wò nínú ìsìn. Láti yí ìwé ìsìn padà níbẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ilé àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ti àwọn àlùfáà àti ti àwọn ọmọ ìjọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà sì ní ìwé ìsìn tirẹ̀. Ìbò Lọ́ńdọ̀nù kò dé ibẹ̀.

Ẹni tó ń túmọ̀ ìwàásù sí Gẹ̀ẹ́sì lè tún orúkọ pè dípò "he" níbi tí gbólóhùn bá gbà á. Níbi tí kò bá gbà á, kó lo "He", nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùgbọ́ ṣe ń sọ ọ́, kó má ṣe kọ "it". Ẹni tó ń túmọ̀ bọ̀ wá sí Yorùbá, kó má fi "ọkùnrin" kún ohun tí "ó" ti sọ tán. Tó bá sì jẹ́ òrìṣà ló ń kọ̀wé lé lórí, "òrìṣà obìnrin" ló dára. "Abo òrìṣà" ń dún bí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jẹ́nẹ́sísì 1:27 lo akọ àti abo fún ènìyàn.

Ti àwọn ọmọdé ló gba sùúrù jù. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bá béèrè bóyá ọkùnrin ni Ọlọ́run, ẹ sọ fún un pé rárá, kò ní ara bíi tiwa. Jésù kọ́ wa láti pè é ní Baba nítorí ìtọ́jú rẹ̀ àti nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni a jẹ́. Bí bàbá ọmọ náà bá jẹ́ ẹni tó ń lù ú tàbí tó ti sá lọ, "Baba" lè máa bà á lẹ́rù, kò sì ní sọ fún yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ yẹn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka Sáàmù 27:10 fún un, níbi tí onísáàmù ti ní bí bàbá àti ìyá òun bá kọ òun sílẹ̀, Olúwa yóò gbé òun sókè. Ọmọ iléèwé kéwú kò ní bá "Baba" pàdé. "Huwa" ni yóò béèrè, nígbà tó bá gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi "shams" àti "qamar" hàn án.